Má Fi Oògùn Rẹ Sínú Ikùn Bàálù

Ilé wa, Ọ̀wọ̀
Ìgbà ọyẹ́

Mojísọ́lá ọmọ Jósẹ́fù,

Èmi ìyá bàbá rẹ ni mo ń sọ̀rọ̀. Tísà tó gba yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa, obìnrin ará Àkókó tí o bá nílé nígbà tí o wá, òun ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní bí mo ṣe ń sọ ọ́ ní ti Ọ̀wọ̀ yìí, òun á kọ ọ́ ní Yorùbá ìwé kí ó lè rọrùn láti kà. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kó má fi ṣúgà sí i. Ó ní ṣé kí òun kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ. Mo ní rárá, nítorí àlàáfíà rẹ gan-an ni gbogbo ìwé yìí dá lé, a ó dé ibẹ̀.

Láti ọjọ́ tí o ti kúrò nílé, ara mi ò balẹ̀. Bí bàálù bá kọjá lókè, iṣẹ́ tí mo ń ṣe á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ló wà nínú gbogbo bàálù. Mímọ̀ yẹn ò ní kí àyà mi má já.

Ó dáa kí n rán ọ létí ohun tó fà á, nítorí bóyá ìwọ ti gbàgbé. O jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, o ń jẹ iṣu sísun, o ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun. O ní iléeṣẹ́ tó ń ta oògùn adìẹ ti gbà ọ́, pé wọ́n á máa rán ọ lọ sí Kánò, Màídúgùrì àti Pọ́táàkọ́ọ̀tù nínú bàálù bí àwa ṣe ń lọ sí Ìpele. Inú mi dùn. Inú mi dùn títí o fi dé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

O ní lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ lọ sí Kánò, o gbé àpótí rẹ fún wọn ní káńtà ní Èkó, wọ́n fún ọ ní páálí tí wọ́n fi ń wọlé, kò sí nọ́ńbà ìjókòó lára rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń yan ibi tó wù ú. Gbogbo yín sáré jáde. Ẹ bá àpótí nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, wọ́n tò ó bí ìgbà tí èèyàn ń to iṣu, àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo pé kí oníkálukú wá fọwọ́ kan tirẹ̀. Ìwọ ò dúró. O rò pé àwọn tí kò tíì gbé ẹrù wọn sílẹ̀ ni wọ́n ń pè. O gun àtẹ̀gùn, o lọ gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Màmá, ẹ má wò mí báyẹn," o wí. "Mo ti jókòó, mo ń wo àwọn èèyàn tó ń yí àpótí ká nísàlẹ̀, mo ń sọ nínú ara mi pé, ẹ wo àwọn ará oko."

Mo bi ọ́ pé, "Ta wá ni ará oko?"

"Èmi ni, Màmá." O sì tún bú sẹ́rìn-ín.

Àpótí tí ẹnì kan ò fọwọ́ kàn, Èkó ló kù sí. Ike kékeré tí o ń fọn sẹ́nu nígbà tí èémí bá ń há ọ, inú àpótí yẹn ló wà. O bọ́ sílẹ̀ ní Kánò sínú eruku ọyẹ́, àyà rẹ sì há. O ní ojú rẹ ń ṣókùnkùn, o di ògiri mú. Obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́ rí ló gbọ́ bí o ṣe ń mí, tó ní ọmọ òun náà ní irú ikọ́ fée bẹ́ẹ̀, tó sì yọ ike ọmọ rẹ̀ jáde nínú báàgì fún ọ. Ìtàn ẹ̀rín rẹ nìyẹn. Tísà tilẹ̀ bá ọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó tó wo ojú mi.

Èmi ò rẹ́rìn-ín nígbà náà, n ò sì tíì rẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí. Ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí o ti lò tán tí o gbàgbé sórí tábìlì, mo mú un, mo lọ bá Bàbá Dáyọ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, tí wọ́n máa ń rán lọ sí ìpàdé káàkiri nínú bàálù, tí kò sì jẹ́ ká sinmi pẹ̀lú ìròyìn rẹ̀.

"Ìyá Olóbì," ó ní, "kí lẹ fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì ṣe? Àbí ẹ fẹ́ sá fún wa ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá Dáyọ̀. Ẹ wọ gíláàsì yín kẹ́ ẹ ka nǹkan yìí fún mi."

"Gíláàsì mi wà lójú mi."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́."

Ó kà á. Ó sọ èyí tó mọ̀, mo béèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rí dì mú ni mo fẹ́ sọ fún ọ yìí. O ní ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ máa ń dà ọ́ láàmú tí wọ́n bá ń sọ ti bàálù, pé o kàn ń mi orí ni. Má mi orí mọ́. Ẹni tó ń mi orí sí ohun tí kò yé e ló gun àtẹ̀gùn tó fi oògùn sílẹ̀.

Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ sára ẹrù. Kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀, àmì ẹrù ni. Nígbà tí mo ń kó gbàǹja lọ sí òkè Ọya, gbogbo àwa olóbì la ní àmì. Àkísà pupa ni tèmi, etí agbọ̀n ni mo máa ń so ó mọ́. Obìnrin ará Ìpele kan tí a jọ ń lọ, àdìrẹ ni tirẹ̀. Àwọn tó ń já ẹrù ò mọ orúkọ wa, kò sì kàn wọ́n. Pupa síhìn-ín, àdìrẹ sọ́hùn-ún, ó tán. Bàbá Dáyọ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà mẹ́ta yìí rí. Ti Èkó ni L, O, S. Ti Kánò ni K, A, N. Ti Kàdúná ni K, A, D. Ti Àbújá ni A, B, V. Mo bi í pé kí ni V ń wá nínú Àbújá. Ó ní òun náà ò mọ̀, pé bí wọ́n ṣe so ó mọ́ ọn nìyẹn. Tísà ní òun náà ò rí V níbẹ̀. Mo ní kí àwọn méjèèjì tó kàwé fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ káńtà bá ń so táàgì mọ́ àpótí rẹ, má yíjú sẹ́yìn, má máa wá ẹni tí o máa kí. Ka lẹ́tà yẹn dé èyí tó gbẹ̀yìn. O rí i pé Kánò àti Kàdúná bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Ẹni tó ń kánjú á ka méjì, á ní ó ti tó. Bí kì í bá ṣe ibi tí o ń lọ ló kọ, sọ ọ́ níbẹ̀, kí ó já a, kí ó so òmíràn. Bí ó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Páálí kékeré tó bá já fún ọ lára táàgì yẹn, òun ni ẹ̀rí pé ẹrù náà jẹ́ tìrẹ, má sọ ọ́ nù títí àpótí rẹ á fi dé ọwọ́ rẹ.

Ti inú tíkẹ́ẹ̀tì ló kàn. Bàbá Dáyọ̀ ní ibì kan wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń kọ O àti K sí, tàbí R àti Q. Bó bá jẹ́ O àti K, wọ́n ti fún ọ ní àyè. Bó bá jẹ́ R àti Q, wọ́n ṣì ń bá ọ tọrọ àyè ni, ẹnì kan ò tíì dáhùn. Tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì jọra, ẹ̀wù kan náà ni wọ́n wọ̀. Bàbá Dáyọ̀ ní òun mú ti R àti Q dání ní Jọ́ọ̀sì nígbà kan, òun wọ kóòtù, òun lọ dúró níwájú gbogbo èèyàn bí ọ̀gá.

Ọmọbìnrin káńtà ní, "Bàbá, wọn ò tíì dáhùn."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí a bi."

Mọ́tò ló gbé e padà sílé, tòun ti kóòtù. Ó ní ara òun wú tán kí òun tó rí Ọ̀wọ̀.

Ìwọ, wo ti àlọ, kí o sì wo ti àbọ̀. Ti àbọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí kò rí àyè padà á jókòó sínú eruku Màídúgùrì títí oògùn inú ike rẹ̀ á fi gbẹ. Bí o bá sì dé ibi tí o ń lọ, kí o tó lọ kí oníbàárà kankan, lọ sí ọ́fíìsì wọn nínú ìlú, kí o sọ pé lóòótọ́ ni o ń padà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Rìkọ́nfáàmù ni wọ́n ń pè é. Bàbá Dáyọ̀ ní bí o kò bá ṣe é, wọ́n lè gbé àyè rẹ fún ẹlòmíràn, àní pẹ̀lú O àti K. Mo ní irú àdéhùn wo nìyẹn? Ó ní àdéhùn bàálù ni.

Ohun tí wọ́n ń pè ní sítánbáì ni pé kí èèyàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bóyá ẹni tó ni àyè ò ní wá. Má gbà á bí ọyẹ́ bá ti mú, àfi tí o bá ní ibi tí o máa sùn sí lọ́wọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e, èmi gan-an ni mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, àṣé n ò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní bàálù kan ń lọ sí Kánò ní dàírẹ́ẹ̀tì, kò túmọ̀ sí pé kò ní dúró lọ́nà. Ó túmọ̀ sí pé ìwọ ò ní pààrọ̀ bàálù. Ó lè bà sí Kàdúná, kí àwọn kan bọ́ sílẹ̀, kí àwọn kan wọlé. Lọ́rì wa náà, Kánò ló ń lọ, ó sì ń dúró ní Ọ̀kẹ̀nẹ̀ àti ibi tó wu dírẹ́bà. Ibi yòówù tó bá dúró sí, àwa olóbì á bọ́ sílẹ̀, a ó fọwọ́ kan agbọ̀n wa ká tó jẹun. Má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú bàálù. Jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi pe ìlú tí o ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kọnẹ́kítìn ni, bàálù kejì wà níwájú nìyẹn. Níbẹ̀ ni kí o ti bọ́ sílẹ̀, kí o sì la ẹnu rẹ. Bi wọ́n pé, "Ẹrù mi ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ sínú ìkejì, àbí èmi?" Má sọ pé ojú ń tì ọ́. Ibi tí ojú bá ti tì ọ́, ibẹ̀ ni àpótí rẹ máa sùn.

Wàyí o, mo padà sí ọ̀rọ̀ ẹrù ẹsẹ̀ bàálù, èyí tó dùn mí jù. Bàbá Dáyọ̀ ní ìdí tí wọ́n fi ń to ẹrù sílẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ohun burúkú sínú bàálù kí òun fúnra rẹ̀ má sì wọ̀ ọ́. Ẹrù tí wọn ò bá rí ẹni tó ni ín, wọn ò ní gbé e. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìwọ, ọmọ ọmọ olóbì, tí o dàgbà sáàárín agbọ̀n, tí o máa ń bá mi tẹ́ ewé gbòdògì sínú rẹ̀ kí òbí má baà gbẹ, o rìn kọjá ẹrù rẹ lórí ilẹ̀ gbalasa nítorí fèrèsé! Kí lo fẹ́ rí lójú fèrèsé? Ìkùukùu ni. Láti òní lọ, jẹ́ kí àwọn tó kù sáré. Lọ síbi ẹrù, fọwọ́ kan àpótí rẹ, dúró títí o máa fi rí i pé wọ́n gbé e wọlé, kí o tó gun òkè. Bó bá jẹ́ àárín lo jókòó sí, bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́, gbogbo yín lẹ jọ máa dé.

Bí wọ́n bá kéde pé bàálù á pẹ́, pé nítorí bí iṣẹ́ ṣe rí, má yọ ara rẹ lẹ́nu láti mọ ohun tó rí bẹ́ẹ̀, wọn ò ní sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ọyẹ́ ni, gbà wọ́n gbọ́, má bá wọn jà, má sì bá àwọn tó ń jà dúró. Mo wo òkè tó wà níwájú wa láàárọ̀ yìí, ọyẹ́ ò jẹ́ kí n rí orí rẹ̀. Bó bá rí báyìí ní Ọ̀wọ̀, báwo ló ṣe máa rí ní Màídúgùrì tí o ní o ń lọ lọ́jọ́ Ajé?

Tísà ní ọwọ́ ń ro òun. Ó ní, "Màmá, ṣé kò tíì tó?"

Mo ní, "A ò tíì dé ibi tí mo ń lọ."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, dàírẹ́ẹ̀tì ni yín, àmọ́ ẹ ń dúró níbi gbogbo."

Mo jẹ́ kó kọ ìyẹn, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí mo bá ti sọ èyí tó kù tán, kò sí ẹ̀rín mọ́.

Wọ́n ti sọ fún ọ pé ikọ́ ló pa bàbá rẹ. Òótọ́ ni. Wọn ò sọ ibi tí oògùn wà fún ọ, nítorí ìyá rẹ ò lè sọ ọ́, èmi náà ò rí ìdí tí màá fi sọ ọ́ fún ọmọdé. O kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Ìfọ́n ló ti ń bọ̀ wálé nínú lọ́rì, ìgbà ọyẹ́ bí irú èyí, ọ̀nà ò tíì ní ọ̀dà. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, oníhóró ni nígbà náà, ó sì máa ń ràn án lọ́wọ́ dáadáa. Ó dì í sínú àpótí pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ kó má baà sọnù. Wọ́n gbé àpótí sókè, wọ́n to àpò kòkó lé e, wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n fi okùn dì í kankan. Lójú ọ̀nà ni èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há a. Ó lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, dírẹ́bà dúró. Ó nàka sókè nítorí kò lè sọ̀rọ̀. Kò kọ́kọ́ yé wọn. Nígbà tó yé wọn, wọ́n gun orí ẹrù, wọ́n ń tú okùn, wọ́n ń já àpò kòkó sílẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi, kò sì fi nǹkan kan bò. Wọ́n rí àpótí náà, wọ́n ṣí i, oògùn wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Kò lè gbé e mì mọ́.

Ohun tó wà nínú ìtàn rẹ ti Kánò nìyẹn tí ìwọ ò rí. Èmi rí i bí o ṣe ń sọ ọ́ tí iṣu wà lẹ́nu rẹ.

Gbọ́ mi dáadáa. Ike méjì ni kí o máa ní. Ọ̀kan á wà lára rẹ, nínú àpò aṣọ tí o wọ̀. Bí aṣọ náà ò bá ní àpò, má wọ̀ ọ́ rìnrìn-àjò. Èkejì á wà nínú báàgì tí o gbé kọ́ apá. Ìkankan nínú wọn ò gbọdọ̀ rí ikùn bàálù. Bí wọ́n bá ní báàgì ọwọ́ rẹ ti tóbi jù, kí wọ́n gbé e lọ sísàlẹ̀, yọ ike jáde kí o tó fún wọn. Kì í ṣe lẹ́yìn tí o bá ti fún wọn.

Bí o bá sì jókòó, sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ikọ́ fée, oògùn mi wà nínú àpò yìí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ fún ọmọbìnrin tó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́. O ti sọ ọ́ kí o tó lọ, pé àwọn ará ọ́fíìsì rẹ ò mọ̀, pé bí ọ̀gá rẹ bá gbọ́, á gbé ìrìn-àjò náà fún ẹlòmíràn, ìgbéga rẹ á bá a lọ. Ó ṣeé ṣe. N kò ní purọ́ fún ọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ ní láti gbọ́. Bí ó bá gba ìrìn-àjò náà lọ́wọ́ rẹ, wá bínú sí mi, màá gbà á. Ẹni tó bá ń bínú ń mí.

Bàbá Dáyọ̀ ní mo le jù, pé kí n kọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Mo ti kọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Èyí tó le, mo gbé e mì.

Ọkọ Tísà ń lọ sí Èkó láàárọ̀ ọ̀la. Ọwọ́ rẹ ló máa fi ìwé yìí lé, kì í ṣe ọwọ́ aládùúgbò, kì í sì ṣe ọwọ́ gétímàn. Mo ti ní kó dúró níwájú rẹ títí o máa fi kà á tán, kó má tíì jókòó. Ó wà níwájú rẹ báyìí. Dìde, Mojísọ́lá. Lọ mú ike méjèèjì wá, fi hàn án. Bí ẹyọ kan bá wà nínú àpótí tí o ti dì sílẹ̀ de ọjọ́ Ajé, tú u lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá gbé padà wá fún mi ni màá fi mọ̀ bóyá kí n máa jẹun.

Èmi ni,
Ìyá Jósẹ́fù